F1, eré ìje mọ́tò, dọjọ́ ìkẹyìn Sọ́ńdè yìí: ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò ó l'Abẹ́òkúta, ẹ wá sọ tojú yín rí

Ọmọ Ìjẹmọ̀ (Tọ́sìdé, 4 December 2025, alẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojú lọ́nà o. Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí, 7 December 2025, aago méjì ọ̀sán tiwa níbí, ni mọ́tò máa gbéra ní Abu Dhabi, eré tó máa parí gbogbo ọdún nìyẹn, ẹni mẹ́ta ló sì ṣì lè gba ife àgbáyé, ìyẹn ti dẹ́rẹ́bà tí pọ́ìntì ẹ̀ bá pọ̀ jù lọ́dún. Ẹni mẹ́ta! Norris tó ń wa mọ́tò fún McLaren ní pọ́ìntì 408, Verstappen ti Red Bull 396, Piastri tóun náà wà ní McLaren 392. Látìgbà tí wọ́n ti parí ti Qatar ní Sọ́ńdè tó kọjá ni mi ò ti rí oorun sùn dáadáa, ìyàwó mi tiẹ̀ bi mí pé ṣé mo jẹ èèyàn lówó ni.

Mo ní kí kálukú wá sọ ìrírí tiẹ̀ ká fi pa ọjọ́ mẹ́ta yìí, torí àwa tá à ń wo nǹkan yìí nílùú yìí ò pọ̀. Tó o bá dúró ní Pánṣẹ́kẹ́ tó o pariwo "Arsenal" báyìí, ogún èèyàn á dá ẹ lóhùn, mẹ́wàá á dì mọ́ ẹ, mẹ́wàá á bú ẹ. Ṣùgbọ́n lọ pariwo "McLaren" níbẹ̀, wọ́n á rò pé oògùn ikọ́ lò ń polówó.

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde. 12 December 2021. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ti mọ ibi tí mò ń lọ. Lewis Hamilton àti Max Verstappen wọ eré ìkẹyìn pẹ̀lú pọ́ìntì kan náà, 369.5 sí 369.5, kódà ààbọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ bára dọ́gba. Télọ̀ ni mí, gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn mi ò rán nǹkan gidi kan, mo rán apá ọ̀tún bùbá oníbàárà mi kan sí òsì, tó jẹ́ pé aṣọ ẹbí ni o, ìgbà tó wọ̀ ọ́ wò ló ní "télọ̀, ṣé ẹ̀yìn ni mo máa kọ sí àwọn àlejò ni?"

Mi ò ní dẹkódà nílé nígbà yẹn. Mo wá lọ bá bọ̀dá kan tó ní fíwìn-sẹ́ńtà lápá Ọ̀bàntokò, láti Túsìdeè ni mo ti lọ o, mo ní bọ̀dá ẹ jọ̀ọ́, tó bá di Sọ́ńdè, aago méjì, ẹ bá wa fi mọ́tò. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní "Mọ́tò? Mọ́tò bíi ti báwo?" Mo ṣàlàyé títí, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n, àwọn tó ń yípo ojú kan náà bí adìẹ tí wọ́n bẹ́ lórí. Ó ní kò burú, kí n kó èèyàn mẹ́fà wá, kálukú á san ìlọ́po méjì owó bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n tó bá ti lu aago mẹ́ta, bọ́ọ̀lù ló ni tẹlifíṣọ̀n o, torí Leicester àti Newcastle fẹ́ gbá, Leicester sì ni Ndidi àti Iheanacho wà nígbà yẹn, ọmọ wa ni wọ́n, ta ló máa wá bá a jiyàn ìyẹn. Mo ṣírò ẹ̀ lọ́kàn. Láàpù 58, ìyẹn ìyípo 58, ni Abu Dhabi, ó máa ń gbà tó wákàtí kan ààbọ̀, mo mọ̀ pé á kọjá aago mẹ́ta. Mo kàn ní tó bá débẹ̀ a máa bẹ̀ ẹ́, àánú á ṣe é.

Àánú ò ṣe é o.

Aago mẹ́ta géérégé, Lewis ló wà níwájú, ó ń fi Max sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ń gbéra ga lórí bẹ́ǹṣì, bọ̀dá yìí kàn na rìmóòtù síwájú, pẹ́! koríko tútù ti gba ojú tẹlifíṣọ̀n. Mo dọ̀bálẹ̀. Òótọ́ ni mò ń sọ fún yín, mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tí omi pió-wọ́tà ti dà sí, tòun ti aṣọ funfun tí mo wọ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Àwọn tó ń wọlé wá wo bọ́ọ̀lù ń fò mí kọjá. Ọ̀kan nínú wọn ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ wábòmíì sùn sí."

Bá a ṣe bọ́ síta nìyẹn. Ọmọkùnrin kan nínú wa ló ní dátà, dátà yẹn ò tó wo fídíò, nọ́ńbà lásán là ń kà lójú fóònù, láàpù 48, láàpù 50, Lewis fi bíi ìṣẹ́jú-àáyá 11 ṣíwájú. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó, ó ku láàpù mẹ́jọ, ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá, níbo ni Max fẹ́ gbà? Mo ní ó ti parí. Mo gun ọ̀kadà, mo forí lé ilé, mo yà sọ́dọ̀ màmá tó ń ta nǹkan lẹ́nu géètì wa, mo gbé kéètì mínírà kan láwìn, mo ní kí gbogbo ilé máa mu, Lewis ti gba ife ìkẹjọ, kò sẹ́ni tó gba mẹ́jọ rí láyé. Àwọn ọmọdé ń jó. Bàbá Láńdílọ́ọ̀dù tí kò mọ Lewis mọ ẹnikẹ́ni gbé Fáńtà dání, ó ń ṣàdúrà pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ayé rí ìdí ọmọ náà.

Fóònù mi dún. Ọmọkùnrin yẹn ni. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń mí. Mo ní kí ló dé. Ó ní "Bọ̀dá, Latifi ti gbá ògiri."

Kí ló kàn mí kan Latifi? Ẹni tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, tí kò bá ẹnikẹ́ni du ife! Àfi bó ṣe fi mọ́tò gbá ògiri ní láàpù 53, wọ́n gbé séfútì káà jáde, ìyẹn mọ́tò tó ń mú gbogbo wọn rọra rìn títí ojú ọ̀nà á fi mọ́, gbogbo wọn tò sẹ́yìn ara wọn, ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá mi yọ́ bí òrí tí wọ́n gbé sóòrùn. Max yà wọlé lọ pààrọ̀ táyà, rírọ̀ tó máa ń yára jù, Lewis sì wà lórí táyà líle tó ti ń lò láti láàpù 14. Masi tó jẹ́ adarí eré wá ní kí mọ́tò márùn-ún tó wà láàárín àwọn méjèèjì kọjá síwájú, àwọn márùn-ún yẹn nìkan o, àwọn ìyókù kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà, ló bá tú eré sílẹ̀ nígbà tó ku láàpù kan ṣoṣo. Láàpù kan! Max gba ẹ̀gbẹ́ Lewis kọjá. 395.5 sí 387.5, ó parí.

Mínírà ṣì wà lẹ́nu àwọn èèyàn. Bàbá Láńdílọ́ọ̀dù ò tíì ṣe àmín. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, mo kàn wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Mọ́ńdè ni wọ́n gbọ́ nínú rédíò, látìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Ìkẹjọ ládùúgbò. Gbèsè mínírà yẹn, osù February ni mo san án tán, oṣù yẹn náà ni wọ́n yọ Masi nípò, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì jọ jìyà ẹ̀.

Ó yá, tiyín ńkọ́?

Aládìrẹ Ìtòkú

Bàbá Ìkẹjọ, ẹ pẹ̀lẹ́ o jàre. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo fi ọwọ́ aró nu ojú, ojú mi ti di búlúù báyìí.

Tèmi jìnnà ju tiyín lọ. 2 November 2008, mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ń ṣiṣẹ́ báńkì, tiẹ̀ nìkan ló ní díìṣì lórí òrùlé, gbogbo ọmọdé ló máa ń kóra jọ sójú wíńdò ẹ̀. Brazil ni wọ́n ti ń sáré ọjọ́ yẹn, ní Interlagos, ó ti di ìrọ̀lẹ́ dọ̀dọ̀ lọ́dọ̀ wa. Massa tó jẹ́ ọmọ ìlú wọn níbẹ̀ gan-an ló ń bá Lewis du ife. Lewis kàn nílò kó ṣe ìkarùn-ún péré.

Ariwo wa ló mú màmá àgbà wá, ìyá tó bí ìyá mi. Ibi ìkòkò aró ló ti dìde, èékánná rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dúdú, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kó má bàa kan ògiri olówó. Bàbá báńkì ní kó wá jókòó, ó ní rárá, òun máa ba àga jẹ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní "Ọmọ dúdú wo nìyẹn?" Wọ́n ní Lewis ni. Ó ní ọmọ ta ni? Bàbá báńkì ní ìlú Òyìnbó ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Grenada ni àwọn òbí bàbá ẹ̀ ti wá. Màmá ní níbo ni Grenada? Wọ́n ní erékùṣù kan ni, lọ́nà Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, ibi tí wọ́n kó àwọn ẹrú lọ. Màmá dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní "Ẹn-ẹ́n. Ọmọ wa ni. Ẹ̀gbá ni."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín o.

Òjò bá dé níbẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí. Àwọn tó kù yà wọlé lọ gba táyà òjò, Glock ní tiẹ̀ dúró pẹ̀lú táyà ilẹ̀ gbígbẹ. Vettel gba iwájú Lewis, Lewis di ìkẹfà. Massa parí eré, òun lẹni àkọ́kọ́, àwọn èèyàn ẹ̀ ń fò sókè nínú gáréèjì wọn, bàbá báńkì ti gbé ọwọ́ lérí, ó ti ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. Màmá àgbà ní ẹ má pa á o, ọmọ mi ò tíì délé. Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn, "ọmọ mi ò tíì délé." Níbi kọ́nà tó kẹ́yìn pátápátá, Glock ń yọ̀ lórí omi bí ẹni ń rìn lórí ilá, Lewis gbà á kọjá. Ìkarùn-ún. 98 sí 97. Pọ́ìntì kan.

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ki í. Ó kì í ní ọmọ Lísàbí, ó kì í ní ọmọ olókè, oríki tí wọ́n ń ki ọmọ ilé wa ló ń kì fún ọmọ tí wọ́n bí sílùú Òyìnbó. Ó gbàgbé ara ẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ògiri. Àtẹ́lẹwọ́ aró méjì wà lára ògiri bàbá báńkì títí wọ́n fi kó kúrò níbẹ̀, bàbá yẹn ò kùn ún.

Màmá ti lọ sinmi. Èmi ni mo wà nídìí ìkòkò báyìí. Lọ́jọ́ eré, mo máa ń fi fóònù sínú ọ̀rá funfun, màá fi kọ́ ìṣó lókè ìkòkò, torí tí aró bá kan fóònù, ó tán. Láàpù ni mo fi ń ka aṣọ. Màá ri aṣọ sínú aró, láàpù mẹ́rin márùn-ún, màá fà á sókè, á yọ ní àwọ̀ ewé, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, wàá máa wò ó bó ṣe ń di búlúù lójú ẹ níbẹ̀, láàpù méjì mìíràn, màá tún rì í. Ọdún tí séfútì káà bá pọ̀, aṣọ mi máa ń dúdú jù, torí láàpù ò yára mọ́. Àwọn oníbàárà ń ní "àǹtí, ti ọjọ́ yẹn mà dúdú dáadáa o," wọn ò mọ̀ pé mọ́tò ló gbá ògiri.

Fọkanáísà Láfẹ́ńwá

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Èmi ò mọ dẹ́rẹ́bà púpọ̀, táyà ni mò ń wò. Àwọn McLaren pààrọ̀ táyà mẹ́rin ní ìṣẹ́jú-àáyá 1.80 ní Qatar lọ́dún 2023, ti Norris ni. Èmi nìyí, nọ́ọ̀tì ẹyọ kan tó ti dípẹtà lára Dáńfó, mo lè fi ogún ìṣẹ́jú bá a jà, màá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, màá fi epo bírékì sí i, màá bẹ̀ ẹ́, màá gun pánà bí ẹni ń gun àgbọn. Kọsitọ́mà mi kan wo fídíò yẹn lọ́dọ̀ mi, ó ní "ìwọ náà gbìyànjú." Mo ní kó lọ mú ogún èèyàn wá, nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló wà lára táyà tiwọn, márùn-ún ló wà lára tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Sọ́ńdè tó kọjá. Ní Qatar yìí, àwọn Pirelli tó ń ṣe táyà fún wọn pàṣẹ pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ lo táyà kan kọjá láàpù 25. Láàpù 57 ni gbogbo eré. Ó wá di láàpù keje, mọ́tò méjì gbára wọn, séfútì káà jáde. Ọmọ tó wà ní pámárì mọ ìṣírò yìí: 57 yọ 7, ó ku 50, ìyẹn 25 lọ́nà méjì gẹ́lẹ́! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èèyàn ló yà wọlé lọ pààrọ̀ táyà, torí tí séfútì káà bá wà níta, àsìkò téèyàn ń pàdánù kì í pọ̀. McLaren tó wà níwájú ní tiwọn ò wọlé. Norris ò wọlé, Piastri ò wọlé! Mò ń fún táyà alùpùpù kan ní atẹ́gùn lásìkò yẹn, fóònù wà lórí tábìlì, mo pariwo "ẹ wọlé! ẹ wọlé!", mo gbàgbé ọwọ́ lórí họ́ọ̀sì, gbòlà! tíúbù bẹ́. Ọlọ́kadà yẹn sá gba títì kọjá. Mo ra tíúbù tuntun fún un lápò ara mi. Max ló jẹ eré yẹn, Norris ṣe ìkẹrin.

Torí ẹ̀ ni ìjà fi dé ọjọ́ Sọ́ńdè. Ká ní wọ́n béèrè lọ́wọ́ fọkanáísà ni, ì bá ti parí ní Qatar.

Ìyá Ìbejì, Ìta Èkó

Èmi ò wo nǹkan kan o, ọkọ mi ló ń wò ó. Ìrírí tèmi ni pé wọ́n ní kí bàbá yìí mú àwọn ìbejì lọ ge irun ní Sọ́ńdè kan, ó mú wọn lọ, ó gbé wọn padà wá fún mi, Táyé ti ge irun, Kẹ́hìndé ò ge. Ó ní láàpù ti ku méjìlá. Mo ní kó mú Kẹ́hìndé padà lọ, ó ní ọ̀la. Odidi ọ̀sẹ̀ kan làwọn ọmọ mi fi rìn káàkiri bí ẹni tí kì í ṣe ìbejì. Sọ́ńdè yìí mi ò ní rán an níṣẹ́ kankan, kó jókòó síbẹ̀.

Max Ni Tèmi (Àsèrò)

Ẹ ṣé gan-an Bàbá Ìkẹjọ, ẹ ti jẹ́ kí inú mi dùn láti àárọ̀. Ní 2021 yẹn, èmi wà ní ilé tèmi ní Àsèrò, mo rí láàpù ìkẹyìn yẹn dáadáa, iná wà, gbogbo nǹkan wà, mo sáré jáde síta láìwọ bàtà, mo sá dé ìdí ọ̀pá iná kẹta kí n tó mọ̀ pé ìró ìdí ìyàwó mi ni mo wé mọ́ra. Ẹ̀yin ọmọ Lewis ní wọ́n rẹ́ yín jẹ, ó ti tó ọdún mẹ́rin, ẹ ò tíì dákẹ́. Mo gbà pé ohun tí Masi ṣe yẹn, ọwọ́ ẹ̀ ò mọ́ níbẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n Max kọ́ ló ní kó ṣe é. Wọ́n ní kó sáré, ó sáré.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ọdún yìí. Nígbà tí wọ́n parí ti Zandvoort lópin August, pọ́ìntì 104 ni Piastri fi ju Max lọ. Ọgọ́rùn-ún lé mẹ́rin! Èmi gan-an ti kó fìlà Red Bull mi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àbúrò mi ní kí n fún òun, mo fún un. Ìgbà tó di October mo lọ gbà á padà, ó ní ẹ̀bùn ni, mo ní ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀wù ìyà ni mo gbé fún ẹ, kì í ṣe aṣọ ọdún. A ṣì ń jà lórí ẹ̀ báyìí.

Ìṣírò rè é fún ẹni tí kò tíì yé. Ẹni àkọ́kọ́ ń gba 25, ìkejì 18, ìkẹta 15, ìkẹrin 12, ìkarùn-ún 10, ìkẹfà 8, ó ń lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí Max bá ṣe kìíní, ó di 421. Tí Norris bá ṣe ìkẹta, 423, ó ti gbà á, kò sóhun tẹ́nikẹ́ni lè ṣe. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìkẹrin, 420! Max á fi pọ́ìntì ẹyọ kan gbà á! Piastri ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe kìíní, kí Norris sì ṣubú sí ìkẹfà tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ló fi máa bọ́ sí i. Torí náà Norris kàn máa jókòó sí ìkẹta jẹ́jẹ́ ni, ìyẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù bà mí fún un, ṣé ẹ ti rí ẹni tó gbé abọ́ ọbẹ̀ tó kún dẹ́nu, tí gbogbo ilé ń wí fún un pé rọra, rọra? Ibi tó ti ń rọra yẹn ló ti máa ń dà á.

Tí Max bá gbà á, márùn-ún léra nìyẹn. Schumacher nìkan ló ṣe é rí, 2000 dé 2004.

Fọkanáísà Láfẹ́ńwá

Ẹ̀gbọ́n Àsèrò, ìró aláràbarà ni àbí èyí tó ní àwọ̀ kan?

Max Ni Tèmi (Àsèrò)

Fi mí sílẹ̀ jàre.

Ọmọ Alábàtà

Ẹ káàsán o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, èmi ò tíì pẹ́ nídìí ẹ̀, ọdún kejì mi rè é. Ti Las Vegas tí wọ́n ṣe ní oṣù tó kọjá ni mo fẹ́ sọ. Alẹ́ Sátidé ni lọ́dọ̀ wọn, lọ́dọ̀ wa aago márùn-ún ìdájí Sọ́ńdè ni. Mo ti wálé sí Adátán fún wíkẹ́ńdì, bàbá mi káfíńtà ni, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo bo orí mọ́ inú bùláńkẹ́ẹ̀tì, mo wo gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú íyáfóònù etí kan, bàbá mi rò pé mò ń gbàdúrà ìdájí, ó gbọ́ tí mo ń mí kanlẹ̀, ó ní "Olúwa á gbọ́." Max ṣe kìíní, Norris ìkejì. Mo jẹ́ ti Norris, mo ní kò burú, pọ́ìntì 18 wọlé, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn. Mo sùn díẹ̀, a lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n ń gba ọrẹ lọ́wọ́, mo ń jó lọ síwájú pẹ̀lú àwọn èwe, fóònù gbọ̀n lápò mi. Mo yọjú wò ó lábẹ́ agbádá ẹni tó wà níwájú mi. Wọ́n ti fagi lé McLaren méjèèjì! Wọ́n ní pákó tó wà lábẹ́ mọ́tò wọn ti jẹ jù, kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ ju mílímítà 9 lọ, tiwọn ti fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi ló ṣáájú ọpọlọ mi, mo pariwo "PÁKÓ!" láàárín ṣọ́ọ̀ṣì. Onílù dákẹ́. Pásítọ̀ wò mí. Bàbá mi wò mí.

Nígbà tá a délé ó pè mí jókòó, ó ní irú ẹ̀mí wo ló ń pariwo pákó. Mo jẹ́wọ́. Mo ṣàlàyé fún un pé wọ́n máa ń fi pákó sábẹ́ mọ́tò eré yẹn kí àwọn èèyàn má bàa gbé mọ́tò wálẹ̀ jù, tó bá ń ha ilẹ̀, pákó á máa jẹ, wọ́n á wọ̀n ọ́n lẹ́yìn eré. Bàbá mi dákẹ́ tó ìṣẹ́jú kan gbáko, mo ti ń retí ìgbátí. Ó wá ní "Pákó wo ni wọ́n lò?" Mo ní mi ò mọ̀ sà. Ó ní "Ṣé ìrókò máa jẹ báyẹn?"

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bi mí ní gbogbo ìgbà pé àwọn onípákó ńkọ́, ṣé wọ́n ti tún un ṣe. Lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé wọn, Max àti Piastri di 366 sí 366, Norris 390, bàbá mi ló kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú pẹ́ńsù káfíńtà. Lẹ́yìn Qatar ó pa á rẹ́, ó kọ tuntun. Ó ní òun náà máa wò ó Sọ́ńdè yìí, wọn ò ní ìpàdé àgbà. Wọ́n ní ìpàdé o. Ó ní òun ò lọ.

Ọmọ Ìjẹmọ̀ (Sátidé, alẹ́)

Ẹ ti rí i! Wọ́n ṣe ti ìtòlẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n fi ń mọ ipò tí kálukú ti máa gbéra lọ́la, tán lónìí, ẹ wo bó ṣe rí: Max kìíní, Norris ìkejì, Piastri ìkẹta. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń du ife ló tò síwájú bí ọmọ ìyá mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ pín ogún. Lewis tèmi tó wà ní Ferrari báyìí ò tiẹ̀ kọjá ìpele àkọ́kọ́, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, Àǹtí Aládìrẹ ẹ bá wa kì í kó tó sùn.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Gbogbo ohun tí mo máa ń sọ fún ara mi ní ọdọọdún ni pé mọ́tò lásán ni, àwọn tó ń wa mọ́tò yẹn ò mọ̀ mí, wọn ò mọ Ìjẹmọ̀, wọn ò mọ Abẹ́òkúta, ibi tí wọ́n ti ń sá a gan-an, oòrùn ti máa ń wọ̀ kí wọ́n tó parí, wọ́n á tan iná ńlá sí i, àwa ṣì wà nínú oòrùn ọ̀sán gangan níbí tí à ń làágùn. Ọdún 1993 ni wọ́n sáré ní Áfíríkà kẹ́yìn, ní Kyalami ní South Africa, mi ò rò pé a máa rí i nítòsí. Síbẹ̀ mo ti gé irun orí dè é.

Ètò rè é. Ilé mi la máa lò, mo ti ní dẹkódà, mo ti san owó ẹ̀ láti Wẹ́sìdé. Ẹni tó bá ní àga oníke kó gbé e dání. Ọmọ Alábàtà, mú bàbá wá, a ní àga gidi kan fún àgbà. Max Ni Tèmi, ìwọ náà lè wá, ṣùgbọ́n ṣòkòtò ni kó o wọ̀. Àǹtí Aládìrẹ, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, a ti kun ògiri ní búlúù tẹ́lẹ̀, ẹ má dààmú. Aago kan ààbọ̀ ni kẹ́ ẹ ti jókòó. Mínírà wà o, ṣùgbọ́n inú yàrá ló wà, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án títí wọ́n fi máa ju àsíá, kódà kí ẹni kan fi ìṣẹ́jú-àáyá ọgọ́rùn-ún ṣíwájú.

Fọkanáísà Láfẹ́ńwá

Tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Ẹ ò sọ ti gẹ́ẹ̀nì.

Ọmọ Ìjẹmọ̀

Gẹ́ẹ̀nì mi ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n okùn ẹ̀ ti fẹ́ já.

Fọkanáísà Láfẹ́ńwá

Màá gbé tèmi wá, ó wà lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù mi, mo ti fi epo lítà márùn-ún sí i. Màá gbé pọ́mpù náà dání, torí ará Àsèrò. Aago mẹ́ta ńkọ́, táwọn ọmọ ilé yín bá ní bọ́ọ̀lù làwọn fẹ́ wò?

Ọmọ Ìjẹmọ̀

Mo ti yọ bátìrì inú rìmóòtù. Abẹ́ ìrọ̀rí ni mo fi sí, orí ẹ̀ ni mo sì sùn lé báyìí.